Nígbà Tí Oníjó Bá Kúrò Lójú Agbo: Ìtàn Sẹ́ńsọ̀ Nínú Ijó àti Orin Inú Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

Ní ojú agbo, ẹni tó gbé ìyáàlù kọ́ kì í lu ìlù rẹ̀ lásán. Ẹsẹ̀ oníjó ló ń wò. Bí oníjó bá yára, ìlù a yára pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá rẹ oníjó, àyàn a fi ìlù kì í ní oríkì kí ara rẹ̀ lè tún yá gágá. Oníjó náà a gbọ́ ohun tí ìlù wí, a sì fi èjìká, ìbàdí àti ẹsẹ̀ dá a lóhùn. Nítorí náà, bí a bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé ìró lè máa tẹ̀lé ìrìn ara, kò ní yà á lẹ́nu.

Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé, láti nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ sí ipò ẹni tó ń wo oníjó yìí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní sẹ́ńsọ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí: ohun èlò tó ń mọ̀ bí ara bá sún mọ́ ọn, bí ara bá dí ìmọ́lẹ̀, tàbí bí ara bá yí ipò padà, tó sì ń sọ ohun tó mọ̀ náà di òǹkà. Àkójọ òǹkà wọ̀nyí ni dátà. Kọ̀ǹpútà lè fi dátà dá ìró sílẹ̀, ó lè fi ya àwòrán, ó sì lè fi gbé oníjó wọ inú àyíká tí kò sí níbòmíràn ju inú ẹ̀rọ lọ. Àyíká bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ayé inú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn àwọn olùṣàwárí: ta ló kọ́kọ́ ṣe èyí, ọdún wo ni tọ̀hún dé. Ọ̀nà mìíràn ni a fẹ́ gbà wò ó níhìn-ín. Ìbéèrè wa ni pé, nígbà tí oníjó bá kúrò lójú agbo, kí ló kù lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ta ló sì ni ohun tó kù náà? Èrò wa ni pé orísun méjì ni iṣẹ́ yìí ní. Orísun kìíní jẹ́ ti ìdáhùn: ara mira, ìró dáhùn, eré sì parí. Orísun kejì jẹ́ ti ìpamọ́: a mú ìrìn ara, a tọ́jú rẹ̀, ó sì di ohun tí ẹlòmíràn lè lò lẹ́yìn oníjó. Inú ayé kọ̀ǹpútà ni àwọn méjèèjì ti pàdé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ti le.

Orísun kìíní: ara tó ń pe ìró

Lev Termen, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí wọ́n mọ̀ sí Leon Theremin ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun èlò orin kan ní nǹkan bí ọdún 1920 tí a kì í fọwọ́ kàn rárá. Irin méjì ló wà lára rẹ̀. Ara ènìyàn lè gba agbára iná mànàmáná díẹ̀ mọ́ra. Nítorí èyí, bí ọwọ́ kan bá ṣe ń sún mọ́ irin kìíní ni ohùn ń lọ sókè, bí ọwọ́ kejì bá sì ṣe ń sún mọ́ irin kejì ni ariwo ń dínkù. Lẹ́yìn náà ni Termen ronú pé ohun tí ọwọ́ lè ṣe, odindi ara lè ṣe é. Ó kan pèpéle kan tó fi irin sí abẹ́ rẹ̀. Bí oníjó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn a wálẹ̀. Bí ó bá nàró, ohùn a gòkè. Wọ́n fi èyí han àwọn òǹwòran ní Carnegie Hall, New York, ní 1932. Clara Rockmore ló wà lórí pèpéle náà. Olórin ni Rockmore, kì í ṣe oníjó nípa iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ẹni tó bá wà lórí pèpéle náà kò lè mira kó má dún, nítorí náà etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, ọdún 1965, John Cage tó jẹ́ olùṣẹ̀dá orin àti Merce Cunningham tó jẹ́ olùṣètò ijó gbé eré tí wọ́n pè ní Variations V kalẹ̀ ní Philharmonic Hall, New York. Robert Moog, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wá lókìkí nítorí dùùrù oníná, ló ṣe àwọn òpó irin tó ń mọ̀ bí oníjó bá sún mọ́ wọn. Billy Klüver, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Bell Laboratories, ló ṣètò àwọn ohun èlò tó ń mọ̀ bí ara bá dí ìmọ́lẹ̀. Bí àwọn oníjó ti ń kọjá láàrin wọn ni wọ́n ń ṣí ọ̀nà fún ìró tó ń ti orí téèpù àti rédíò wá. Nígbà tí eré ń lọ sópin, Cunningham gun kẹ̀kẹ́ la àárín àwọn òpó náà kọjá. Síbẹ̀, kì í ṣe oníjó nìkan ló ṣe orin. Cage, David Tudor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jókòó sídìí ẹ̀rọ, àwọn ni wọ́n ń yan èyí tí àwọn òǹwòran yóò gbọ́. Ara ló mú ìró wá; etí olórin ló ṣe ìdájọ́.

Ní Amẹ́ríkà kan náà, Myron Krueger fi hàn láti àárín àwọn ọdún 1970 pé kì í ṣe ìró nìkan ló lè dá ara lóhùn. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Videoplace, àwọn tó wà ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè pàdé bí òjìji lójú àwòrán kan náà, kí wọ́n sì máa fọwọ́ kan ara wọn níbẹ̀. David Rokeby, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ló wá dá ọ̀rọ̀ náà padà sórí orin. Nínú Very Nervous System, èyí tó ń tún ṣe léraléra láàrin 1986 àti 1990, kò sí ohun tí ènìyàn ní láti wọ̀ tàbí láti dì mú. Kámẹ́rà ń wo yàrá, kọ̀ǹpútà sì ń fi àwòrán kan wé èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì kò bá ti bára mu ni ó mọ̀ pé ara ti mira, ìró a sì jáde.

Kí ló wá kù lẹ́yìn àwọn eré wọ̀nyí? Ẹ̀rọ Termen kò ní ìrántí rárá. Àwọn òpó Moog kò tọ́jú ìrìn ẹnikẹ́ni. Fíìmù tí wọ́n yà nípa Variations V ní Hamburg ní 1966 ni à ń wò lónìí, ojú àti ara àwọn oníjó sì hàn gbangba nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà Rokeby kò nílò ìrìn àná kó tó lè dá tòní lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ kí irú eré bẹ́ẹ̀ tún wáyé gbọ́dọ̀ pe oníjó padà. Kókó yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ó fi agbára sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó ń jó.

Orísun kejì: ara tí a fi pamọ́

Orísun kejì dàgbà ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì ti orí ìtàgé wá. Ní 1882, Étienne-Jules Marey, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó jẹ́ onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣe kámẹ́rà kan tó rí bí ìbọn, tó sì lè ya àwòrán 12 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàrin ọdún díẹ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ dúdú fún ẹni tó fẹ́ yà, ó sì ń fa ìlà funfun sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fọ àwòrán náà, ara ti pòórá. Ìlà àti àmì nìkan ló ń hàn. Ohun tí Marey ń wá nìyẹn: ìrìn láìsí ẹni tó rìn ín.

Ní 1895, dókítà Félix-Louis Regnault mú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ lọ síbi àfihàn kan ní Paris, níbi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá kí àwọn ará ìlú lè máa wò wọ́n. Ó ya obìnrin Wolof kan tó ń mọ ìkòkò, ó sì ya àwọn mìíràn bí wọ́n ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe ń sáré. Èrò rẹ̀ ni pé kí a kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jọ sí ilé ìpamọ́, kí a lè máa fi ìrìn ẹ̀yà kan wé ti òmíràn. Orúkọ Regnault wà nínú ìtàn fíìmù títí di òní. Ní ti amọ̀kòkò náà, “obìnrin Wolof” ni àwọn òpìtàn ń pè é. Ọdún mẹ́ta ṣáájú kí a tó bí Yunifásítì kankan ní Nàìjíríà kọ́ ni à ń sọ. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ. Ara àwọn ọmọ Áfíríkà ti di dátà kí Nàìjíríà tó ní yunifásítì tí a ó ti jiyàn lórí rẹ̀.

Ìwádìí ọ̀rúndún ogún wá fi hàn bí ohun tó kù nínú àmì wọ̀nyí ti pọ̀ tó. Ní 1973, Gunnar Johansson ní ilẹ̀ Sweden fi iná kéékèèké sí àwọn oríkèé ara ènìyàn, ó sì ya ìrìn rẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí ẹni náà bá dúró jẹ́ẹ́, ìṣùpọ̀ àmì lásán ni àwọn tó ń wò ó ń rí. Bí ó bá ti gbẹ́sẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ènìyàn ni. Ní 1977, James Cutting àti Lynn Kozlowski ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ènìyàn lè fi irú àmì bẹ́ẹ̀ nìkan dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀. Ìlà Marey kò sọ ara di aláìlórúkọ. Ìrìn ń mú orúkọ dání, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti ń fi ìrìn mọ ará ilé wa lókèèrè kí a tó rí ojú rẹ̀.

Ibi tí orísun méjèèjì ti pàdé

Ní àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ VPL ní California ṣe ìbọ̀wọ́ kan tó ní okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ kọjá lẹ́yìn ìka. Bí ìka bá ká, ìmọ́lẹ̀ a dínkù, kọ̀ǹpútà a sì mọ bí ó ti ká tó. Jaron Lanier, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà, wọ irú ìbọ̀wọ́ yìí ní Chicago ní 1992, ó fi awò ńlá bo ojú, ó sì kọ orin lójú àwọn òǹwòran pẹ̀lú àwọn ohun èlò tí kò sí níbòmíràn ju inú kọ̀ǹpútà lọ. Ó pe eré náà ní The Sound of One Hand. Ní 1995, Char Davies ní Kánádà gbé Osmose jáde. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ kì í fi ọwọ́ darí ohunkóhun; aṣọ tí wọ́n dì mọ́ àyà rẹ̀ ló ń ka èémí rẹ̀. Bí ó bá mí sínú, yóò máa léfòó lọ sókè. Bí ó bá mí síta, yóò máa rọra sọ̀ kalẹ̀. Títí dé ìhín, ìdáhùn ṣì ni.

Ọdún 1999 ni ìyípadà dé. Ní oṣù Kìíní, wọ́n ṣí iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Ghostcatching ní Cooper Union, New York. Bill T. Jones, oníjó aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ti jó ṣáájú pẹ̀lú àmì tó ń dán lára rẹ̀, kámẹ́rà sì yí i ká. Paul Kaiser àti Shelley Eshkar fi dátà náà ya ara tuntun tó dàbí ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà. Ijó Jones ni, ohùn Jones sì ni, ṣùgbọ́n awọ ara rẹ̀, iṣan rẹ̀ àti òógùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àkọlé iṣẹ́ náà, tí a lè pè ní Mímú Ìwin, kò fi ìbéèrè náà pamọ́: nígbà tí a bá yọ ìrìn kúrò lára aláwọ̀ dúdú, ṣé ti ẹni náà ni ó ṣì jẹ́? Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ní Berkeley, àwọn méjèèjì bá Cunningham, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ẹni 80 ọdún, gbé BIPED kalẹ̀. Níbẹ̀, àwọn oníjó ẹlẹ́ran ara àti àwọn oníjó tí a fi dátà yà jọ wà lójú òǹwòran kan náà.

Ní ọdún díẹ̀ sí i, wọ́n tún gba ìrìn ọwọ́ Cunningham sílẹ̀ nínú ijó kan tó ń jẹ́ Loops. Ní 2008, wọ́n tú iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ìgbà ayé Cunningham ni èyí ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé amọ̀kòkò Paris. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan. A mọ orúkọ ẹni tó ni ọwọ́, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìpinnu, àdéhùn sì wà nílẹ̀.

Òǹkà tó ń dárúkọ oníjó

Lónìí, ohun tó gba yàrá ńlá ní 1999 ti di ohun tí ènìyàn lè fi bo ojú nínú pálọ̀ rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ń tọ́pa ibi mẹ́ta péré: orí àti ọwọ́ méjèèjì. Kọ̀ǹpútà ló ń fojú inú wo ibi tí ìbàdí, orúnkún àti ẹsẹ̀ yóò wà. Fún ẹni tó mọ ijó wa, àléébù ńlá ni èyí. Èjìká ni ẹ̀mí ijó bàtá. Ẹsẹ̀ àti ìbàdí ni dùndún ń bá sọ̀rọ̀. Bí oníjó bàtá bá fi irú ẹ̀rọ yìí jó, ohun tí yóò hàn nínú ayé inú kọ̀ǹpútà ni ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ méfò. Bí a bá kó irú dátà bẹ́ẹ̀ jọ tí a sì pè é ní ijó Yorùbá, irọ́ ni yóò wà nínú ilé ìpamọ́.

Síbẹ̀, ibi mẹ́ta náà tó láti dá ènìyàn mọ̀. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní Berkeley ṣe àtẹ̀jáde ìwádìí kan lórí Beat Saber, eré inú kọ̀ǹpútà tí a ń fi idà ìmọ́lẹ̀ gé nǹkan tẹ̀lé orin. Wọ́n lo dátà orí àti ọwọ́ àwọn ènìyàn tó lé ní 55,000. Pẹ̀lú ìrìn ìṣẹ́jú àáyá 100 péré, kọ̀ǹpútà mọ ẹni tó ń ṣeré náà ní ìgbà 94 nínú 100. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Kyle Hanagami padà síwájú ilé ẹjọ́ tó kọ́kọ́ dà á nù. Olùṣètò ijó yìí fẹ̀sùn kan Epic Games pé wọ́n mú apá kan ijó òun sínú eré Fortnite. Ilé ẹjọ́ náà sọ pé kò tọ́ kí a tú ijó sí ìdúró ara lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó wọ̀n ọ́n.

Ohun tó kan àwa

Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún àjọni Benin, Nàìjíríà àti Tógò, oníjó máa ń ní irin tó ń dún ní ọrùn ẹsẹ̀. Irin náà ni ó ń sọ fún gbogbo agbo bóyá ẹsẹ̀ bá ìlù mu tàbí kò bá a mu. A lè sọ pé sẹ́ńsọ̀ ni irin yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ nìkan ló ń jábọ̀ fún. Bí eré bá parí, ó dákẹ́.

Ti Egúngún tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ará ọ̀run ni Egúngún. Ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dárúkọ. Fọ́tò àti fíìmù kò lè tú èyí, nítorí aṣọ bo gbogbo ara. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi sẹ́ńsọ̀ sí abẹ́ agọ̀ láti kó ijó náà jọ, bí ìrìn ẹni náà bá sì ti wà nínú àkójọ mìíràn tẹ́lẹ̀, bóyá eré orin lásán ló ṣe nílé, dátà lè sọ orúkọ tí aṣọ fi pamọ́. Olùwádìí lè má ní irú ète bẹ́ẹ̀ lọ́kàn rárá. Ẹni tó bá gba dátà náà ní ogún ọdún sí i lè ní in.

Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka dátà ara tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀ sí ohun ẹlẹgẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan ni òfin náà ń wò. Ijó Egúngún kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti agbo ilé ni. Ẹni tó jó lè fọwọ́ sí ìwé, síbẹ̀ kí ó má ní àṣẹ láti fi ohun ìdílé lélẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn tí a tọ́pa rẹ̀ yìí fi hàn pé ìpamọ́ kò pọn dandan fún ẹwà. Pèpéle Termen àti yàrá Rokeby kò tọ́jú ìrìn ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ọnà sì ni wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ bá oníjó Yorùbá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan èyí tó fẹ́ ṣe nínú méjèèjì. Bí ìdáhùn bá tó, kí ó jẹ́ kí dátà náà lọ nígbà tí eré bá parí. Bí ó bá fẹ́ fi pamọ́, kí orúkọ oníjó àti ti àyàn wà lára ohun tó fi pamọ́, àfi ibi tí àṣà bá ti ní kí a má dárúkọ. Kí ó sì bá àwọn àgbà agbo ilé sọ̀rọ̀ kí ó tó so àmì kìíní mọ́ ara ẹnikẹ́ni. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí ó má ṣe é, kí ó tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀, kí ó jókòó, kí ó sì wòran.